Ojúṣe Ìlú sí Àwọn Aláàbọ̀ Ara

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi Ìpàdé Àpapọ̀ Ọdọọdún ti Ẹ̀ka Àpápá àti Ajégúnlẹ̀)

  

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìṣòro tí ó ń dojú kọ àwọn aláàbọ̀ ara ní orílẹ̀-èdè wa, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Mo rò pé ọ̀mọ̀wé tàbí oníṣègùn ni iṣẹ́ náà yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwá, tí mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀ràn tí ó bá kan ni kì í ṣe ohun tí à ń rán ẹlòmíràn sí. Nítorí náà ni mo ṣe wá. Bí mo bá ṣì sọ, ẹ̀yin àgbà, ẹ fà mí létí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án nìyí tí mo ti wá sí ìpàdé ẹ̀ka yìí gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé mo ń bínú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé mo jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè. Oṣooṣù ni ọmọ mi ń bá mi mú owó ẹgbẹ́ wá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a ti ń ṣe ìpàdé láti ìgbà tí ọmọ ìlú wa kan ti yọ̀ǹda yàrá ńlá ilé rẹ̀ fún wa, Ọlọ́run yóò san oore náà fún un. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó wà láti ojú títì dé ibẹ̀. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé mo kà á ní ọjọ́ tí mo gùn ún kẹ́yìn, tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta fi gbé mi sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé àpò ìrẹsì. Wọ́n ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí, n kò sì padà lọ mọ́. Lónìí, ẹ gbé ìpàdé wá sí ìsàlẹ̀, sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yìí, mo sì fi ọwọ́ ara mi yí kẹ̀kẹ́ mi wọlé. Ẹ ṣeun o.

Àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ mí yóò máa bi ara wọn léèrè bí ọ̀ràn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé tí ń ka ẹrù ni mí ní èbúté Àpápá. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2003, ọ̀pá irin ni à ń já nínú ọkọ̀ ojú omi. Wáyà tí ẹ̀rọ agbẹ́rù fi gbé ìdì kan lọ sókè já, ìdì náà sì balẹ̀ sí ibi tí mo dúró sí pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ mi òsì lókè orúnkún. Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fún mi ní owó oṣù mẹ́fà àti ìwé ìdúpẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìyàwó mi, tí ń ta aṣọ ní ọjà Boundary, ni ó gbé ilé wa ró títí mo fi rí iṣẹ́ mìíràn. Títí di òní, abẹ́ àtíbàbà kan ni mo ti ń bá àwọn oníṣòwò kọ ìwé, tí mo sì ń bá wọn ṣírò owó wọn. Oúnjẹ òòjọ́ mi ni mò ń jẹ, n kò tọrọ.

Ẹ̀yin ará mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ọjọ́ kan péré ni mo pàdánù ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà wá, ohun tí ó ń dá mi dúró lójoojúmọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́. Àtẹ̀gùn ni, gọ́tà tí a kò bò ni, ilẹ̀kùn tóóró ni, àti ọkàn àwọn ènìyàn. Ọlọ́run kọ́ ni ó kọ́ àtẹ̀gùn, àwa ni. Ohun tí a bá sì fi ọwọ́ wa kọ́, a lè fi ọwọ́ wa tún un kọ́.

OHUN TÍ Ó Ń SỌ ÈNÌYÀN DI ALÁÀBỌ̀ ARA

Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì gbà pé bí ọmọ kan bá yarọ, ayé ni ó ṣe é, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ òbí ni ó ń jìyà rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ mọ́ inú yàrá. Nígbà tí ó yẹ kí á gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ilé awo àti orí òkè àdúrà ni a ń gbé e kiri, títí àkókò ìwòsàn yóò fi kọjá.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó yarọ púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ìròyìn ayọ̀ wà lórí èyí. Ìpínlẹ̀ Bọ̀rọ̀nú ni a ti rí àrùn náà gan-an kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 2016, nígbà tí ó sì di oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe ètùtù ni ó lé e lọ. Ẹ̀kán oògùn méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kán sí àwọn ọmọ wa lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe káwọ́ gbera. Ẹ̀yà kan tí ó jẹ yọ láti ara oògùn náà fúnra rẹ̀ ṣì ń yọjú níbi tí àwọn ọmọ tí ó gba àjẹsára kò bá ti pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbà á pé.

Òmíràn ni abẹ́rẹ́ tí a gún sí ibi tí kò yẹ. Ara ọmọ gbóná, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, onítọ̀hún gún un ní abẹ́rẹ́ ní ìdí, abẹ́rẹ́ sì bá iṣan tí ń mú ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láìmọye ìgbà. Lẹ́yìn èyí ni jàǹbá ọkọ̀ àti ti ọ̀kadà, ìtọ̀ ṣúgà tí a kò tọ́jú tí ó fi di pé a gé ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń fa rọpárọsẹ̀, àti iṣẹ́ èbúté bí irú tèmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2022 pé nínú ènìyàn mẹ́fà ní ayé, ọ̀kan ní àléébù ara tí ó le. Àwọn àgbà sì ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá pẹ́ láyé, ọ̀pá ni yóò di ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ti àwọn kan lọ́tọ̀. Ti gbogbo wa ni.

ÌRÌN, ILÉ ÀTI Ẹ̀KỌ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kò nílò kí n ròyìn ojú ọ̀nà wa fún yín. Fún ọdún púpọ̀, kí ètò tí Àjọ Èbúté gbé kalẹ̀ ní ọdún 2021 tó dín in kù, ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ó tò sí ojú títì àti orí afárá, tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ méjì a máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàrin wọn. Níbo ni ẹni tí ó jókòó sí orí kẹ̀kẹ́ yóò gbà? Awakọ̀ tí ó wà lókè kò lè rí i, bí ó bá sì gbìyànjú láti gba etí ọ̀nà, gọ́tà ni yóò bá pàdé. Àwọn afárá tí ìjọba ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ láti fi kọjá títì márosẹ̀, àtẹ̀gùn ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí a ṣe láti fi gba ẹ̀mí ẹlẹ́sẹ̀ là kò wúlò fún ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ gùn ún.

Nígbà òjò, omi a bo àwọn àdúgbò wa púpọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, a ó sì tẹ́ pákó láti ẹnu ilé dé ojú ọ̀nà. Orí pákó náà ni àwọn ọmọ ń sáré gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ìyá ń gbà lọ sí ọjà. Èmi kò lè gba ibẹ̀. Ọdọọdún, bí òjò bá ti le, mo mọ̀ pé inú yàrá ni mo wà nìyẹn títí omi yóò fi fà, bí oníbàárà mi tilẹ̀ ń dúró dè mí.

Ní ti ọkọ̀ èrò, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré kan. Mo dá dáńfó dúró lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin agbowó-ọkọ̀ náà fò sílẹ̀, ó sì ràn mí lọ́wọ́ láti ká kẹ̀kẹ́ mi. Ó wí pé, “Bàbá, owó ènìyàn méjì ni ẹ óò san o. Kẹ̀kẹ́ yín gba àyè.”

Mo ní, “Ọmọ mi, àpò gàrí tí ìyá yẹn gbé sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní, “Bàbá, gàrí kì í pẹ́ sọ̀kalẹ̀.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì san án. Ọmọ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Dẹ́rẹ́bà ń kánjú, olówó ọkọ̀ ń retí owó rẹ̀ ní àṣálẹ́, ìṣẹ́jú tí ó fi ràn mí lọ́wọ́ sì jẹ́ àdánù fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kéré ju ti ẹlòmíràn lọ ni ó ń san ìlọ́po méjì lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í dúró rárá.

Ọ̀ràn ilé kò yàtọ̀. Ní oṣù tí mo kúrò ní ilé ìwòsàn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a ń gbé, ó sì di dandan kí á wá yàrá ìsàlẹ̀. A rí ọ̀kan, a kó owó sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ẹni tí ń bá onílé gba owó padà wá pẹ̀lú owó náà lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bàbá onílé ní bí àwọn bá gba arọ sílé, àwọn ayálégbé yòókù yóò máa sá.” Oṣù mẹ́rin ni ó gbà wá kí á tó rí ilé. Bí mo bá ń kọjá lọ títí di òní, mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Ọlọ́run má ṣe é ní tèmi.” N kò bá wọn jà, nítorí pé èmi náà a máa gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba irú àdúrà yẹn tán, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣe fún ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí.

Èyí tí ó dùn mí jù lọ ni ti àwọn ọmọdé. Ọmọbìnrin kan wà tí í ṣe ọmọ ọmọ ìlú wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́, orí rẹ̀ sì pé púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì karùn-ún, òkè ni kíláàsì náà wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò sì sí ẹni tí yóò gbé e gun àtẹ̀gùn. Ó jókòó sílé fún odindi ọdún kan. Bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, a jọ lọ rí olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin onísùúrù kan. A kò tíì sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí tí ó fi dáhùn pé òun yóò gbé kíláàsì karùn-ún wá sí ìsàlẹ̀, kí kíláàsì kejì gòkè. Àwọn ọmọ kó àga wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì parí. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ọmọ náà ti jáde ìwé mẹ́wàá báyìí. Mo sì máa ń ronú pé ọdún kan gbáko ni ó fi jókòó sílé nítorí ohun tí a lè ṣe ní òwúrọ̀ kan, àti pé àwọn ọmọ mìíràn wà tí bàbá wọn kò mọ ẹni tí yóò bá lọ.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ fún irú wọn kò ṣàìsí ní Èkó. Ti àwọn afọ́jú wà ní Pacelli ní Sùúrùlérè láti ọdún 1962, ti àwọn adití wà ní Wesley ní Sùúrùlérè bákan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé, tí ojú àti etí rẹ̀ pé, tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni kò ṣiṣẹ́, kí ni ó dé tí kò lè kàwé pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀?

OJÚ TÍ A FI Ń WÒ WỌ́N

Àwọn baba ńlá wa ní ọ̀rọ̀ lórí èyí. Wọ́n ní Ọbàtálá ni ó ń mọ ènìyàn, pé ní ọjọ́ tí ó mu ẹmu yó ni ó mọ arọ, abuké àti àfín, àti pé láti ọjọ́ náà ni àwọn wọ̀nyí ti di ẹni òrìṣà. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Ọbàtálá ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Púpọ̀ nínú wa lónìí jẹ́ ọmọ ìjọ tàbí ìmàle, a kò sì gba ìtàn náà gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀: àwọn baba wa kò di ẹ̀bi lé ẹni tí ara rẹ̀ kò pé. Ẹni tí ó mọ ọ́n ni wọ́n di ẹ̀bi lé.

Ní òde òní, a ti yí orúkọ padà. Rédíò àti ìwé ìròyìn ń pè wá ní akàndá ẹ̀dá. Ó dára, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó rò ó. Ṣùgbọ́n orúkọ rere nìkan kò ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ pè mí ní arọ, ẹ pè mí ní akàndá ẹ̀dá, ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹ pè mí sí ìpàdé, kí n sì lè wọlé.

Àwọn kan gbà pé ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ wá kò ju sàráà lọ. Ẹ ń rí wọn ní ojú ọ̀nà wa, àwọn tí ń fi ọwọ́ yí pákó onítáyà kéékèèké láàrin ọkọ̀, tí wọ́n ń nawọ́ sí fèrèsé. Ẹni tí ó bá fún wọn ṣe dáradára. Ṣùgbọ́n mo mọ díẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan mọ iṣẹ́ bàtà, ọ̀kan ti ṣe télọ̀ rí. Kò sí ẹni tí ó gbà wọ́n sí ìsọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ẹlòmíràn ń kó kiri láti fi tọrọ owó, èyí tí òfin ti kà sí ẹ̀ṣẹ̀ báyìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé aláàbọ̀ ara kò lè ṣe ohun ńlá, ẹ rántí Yinka Ayefele, ọmọ Ìpotì Èkìtì. Jàǹbá ọkọ̀ mú un ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ó ba eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, kò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó gbé àwo orin jáde, láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ó sì ti di olórin tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ àti ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, tí ó ń san owó oṣù fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ rántí eré ìdárayá ní Paris ní ọdún 2024. Àwọn eléré wa tí ara wọn pé kò mú àmì ẹ̀yẹ kankan bọ̀. Àwọn aláàbọ̀ ara tí ó lọ lẹ́yìn wọn mú méje bọ̀, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ wúrà. Folashade Oluwafemiayo gbé irin kìlógíráàmù 167, kò sì sí obìnrin kankan ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí ó tíì gbé tó bẹ́ẹ̀ rí ní ayé títí di ọjọ́ náà. Àwa ará Ajégúnlẹ̀ tí à ń fi àwọn agbábọ́ọ̀lù wa yangàn, ẹ jẹ́ kí á fi irú wọn náà yangàn.

ÒFIN WÀ

Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣe òfin. Ọdún 1993 ni ìjọba ológun kọ́kọ́ ṣe àṣẹ kan lórí ọ̀rọ̀ wa, inú ìwé ni ó sì sùn sí. Ọdún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i pátápátá ní 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó kò dúró de ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 2011, Gómìnà Fashola fọwọ́ sí òfin àwọn akàndá ẹ̀dá, láti inú rẹ̀ sì ni iléeṣẹ́ tí a ń pè ní LASODA ti wá. Ní oṣù Kínní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari wá fọwọ́ sí òfin ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Òfin 2019 yìí ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà wá sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, ìyẹn ₦100,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ yóò sì san mílíọ̀nù kan. Ó ní kí á máa kọ́kọ́ dá wa lóhùn níbi tí èrò bá tò sí. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ó sì fún gbogbo ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí a lè gbà wọlé. Oṣù Kínní ọdún 2024 ni ọdún márùn-ún náà pé. Ẹ wo àwọn báǹkì, àwọn ilé ẹjọ́, àwọn ilé ìjọsìn àti àwọn ilé ìwòsàn tí ẹ mọ̀, kí ẹ ka iye tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní London ń rí bí bọ́ọ̀sì ṣe ń na pákó jáde kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé òfin wọn jáde ní oṣù Keje ọdún 1990. Ṣùgbọ́n kí ó tó jáde, ní oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn aláàbọ̀ ara lọ sí iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi àyà fà gun àtẹ̀gùn náà lójú gbogbo ayé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà láàrin wọn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àyà fà ní ìlú tiwa kí á tó gbọ́.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀ YÍN FÚN

Ààrẹ Ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọmọ ìlú, ìjọba yóò dá tirẹ̀ ṣe. Àwa ńkọ́? Ẹ̀bẹ̀ márùn-ún ni mo mú wá.

Èkínní, Gbọ̀ngàn Ìlú tí a fẹ́ kọ́ sílé. Mo ti rí àwòrán rẹ̀, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn méje ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ga ní ínǹṣì mẹ́fà, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ilé ń lò ni pé fún gíga ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ó má ba à dà bí ẹni ń gun òkè. Ẹsẹ̀ bàtà 42 ni èyí yóò jẹ́, ilẹ̀ tí ó wà níwájú gbọ̀ngàn náà sì gbà á dáadáa. Kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ti ilé ìyàgbẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi í sínú àwòrán nísinsìnyí, owó rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Bí a bá kọ́lé tán kí á tó rántí, a ó wó ni. Kì í sì í ṣe arọ nìkan ni yóò gbà á. Bàbá arúgbó yóò gbà á, aboyún yóò gbà á, àwọn tí ó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ àti àga wọlé ní ọjọ́ ayẹyẹ yóò gbà á.

Èkejì, kí ẹ̀ka yìí má ṣe gbé ìpàdé padà sí òkè mọ́. Èmi nìkan kọ́ ni mo ń sọ fún. Àwọn ìyá mẹ́rin tí mo mọ̀ ti dá wíwá dúró nítorí orúnkún.

Ẹ̀kẹta, kí á kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara ní ìlú wa sílẹ̀, láti àdúgbò dé àdúgbò, kí á mọ àwọn tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àti ohun tí ó dá wọn dúró. Owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ ń fún àwọn ọmọ lọ́dọọdún, kí á ti inú rẹ̀ rán wọn pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gbígbé kíláàsì wá sí ìsàlẹ̀ ni, ẹ pè mí, n ó bá yín lọ.

Ẹ̀kẹrin, mo kọjú sí ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun. Ẹ ń fi àwọn kẹ̀kẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lò ránṣẹ́ sí wa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú ni a ṣe wọ́n fún. Táyà kékeré iwájú a máa rì sínú yanrìn, bí ó bá sì bàjẹ́, a kò ní rí irú rẹ̀ rà. Àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi ọwọ́ wà, tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń jó ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ni ó bá ọ̀nà wa mu, ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe sì lè tún un ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí iṣẹ́ sì wọlé fún alágbẹ̀dẹ náà pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún ni ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté àti ní àwọn iléeṣẹ́ gbogbo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tí ó ṣe mí ṣe yín. Láti ọdún 2010 ni òfin ti wà pé kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ NSITF, fún ìtọ́jú ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá fara pa, kí ó fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sì fi tó NSITF létí láàrin ọjọ́ méje. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Bí ẹ kò bá mọ bí a ṣe ń kọ ọ́, abẹ́ àtíbàbà mi kò jìnnà, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìlú mi.

Ẹ̀yin ará mi, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò ẹlòmíràn. Mo ti wá sí ìpàdé lónìí, mo ti sọ tẹnu mi, ẹ sì ti gbọ́. Ní ọjọ́ tí a ó bá ṣí Gbọ̀ngàn Ìlú wa, bí ẹ̀mí bá wà, mo fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé pẹ̀lú gbogbo yín, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé mi.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ìlú wa ṣe, kí Ó sì dá gbogbo ọmọ ìlú padà sílé láyọ̀.